Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ráútà Tó Gbé Fóònù Sílẹ̀ Tí Kò Pè Padà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Ráútà Cisco méjì (ẹ̀rọ tí ń darí dátà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn) ni mo ń bójú tó. Ọ̀kan wà ní olú iléeṣẹ́, ìkejì wà ní ẹ̀ka, láìnì ISDN (láìnì tẹlifóònù onídíjítà) ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá ní kí gbogbo owó ìpè máa wá sí olú iléeṣẹ́, nítorí náà mo ṣètò rẹ̀ pé kí ẹ̀ka pè, kí olú iléeṣẹ́ gé ìpè náà, kí ó sì pe ẹ̀ka padà. Mo sọ ráútà olú iléeṣẹ́ ní Oluile, mo sì sọ ti ẹ̀ka ní Eka. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé Eka á pè, Oluile á gbé e, á gé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní pè padà. Mo yọ àṣẹ `dialer callback-secure` kúrò lára Oluile. Láti ìgbà náà kò gé ìpè mọ́ rárá, Eka ni ó sì ń ru owó rẹ̀. Lórí Oluile mo kọ `username Eka`, mo sì kọ `dialer map ip 10.1.1.2 name eka class Ipepada 5550102`. Lórí Eka mo kọ `dialer hold-queue 10 timeout 10`. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ àwọn àṣẹ náà bí ẹ ṣe tẹ̀ wọ́n gan-an, nítorí inú wọn ni àṣìṣe méjèèjì wà. Ẹ ti rí àmì èkíní. Èkejì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń dúró dè yín. Èkíní jẹ́ ti orúkọ, èkejì jẹ́ ti àkókò, ibi méjì yìí ni èmi sì kọ́kọ́ máa ń wò nígbàkigbà tí ìpèpadà bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìpè náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìdì dátà kan bá dé ọ̀dọ̀ Eka tí ó fẹ́ lọ sí olú iléeṣẹ́, Eka á wo `dialer-list` láti mọ̀ bóyá ìdì náà tó ohun tí a ń torí rẹ̀ pe ènìyàn. Bí ó bá tó, á pe nọ́ńbà Oluile. Bí láìnì bá ti so, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà PPP (ìlànà tí ẹ̀rọ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí láìnì) tí a ń pè ní LCP, inú rẹ̀ sì ni Eka ti ń sọ pé kí wọ́n pe òun padà. Kì í ṣe Cisco ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: ó wà nínú RFC 1570 (RFC ni ìwé ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì) tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1994, nọ́ńbà 13 ni wọ́n sì fún un láàárín àwọn ohun tí a lè fi LCP bèèrè. Bí Oluile bá gbà, kò ní gé ìpè náà lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ ní kí Eka fi ara rẹ̀ hàn nípasẹ̀ CHAP, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ráútà fi ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà dá ara wọn mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó bá ti mọ ẹni tí ń pè ni yóò wá nọ́ńbà onítọ̀hún nínú ìwé tirẹ̀, yóò gbé fóònù sílẹ̀, yóò sinmi díẹ̀, yóò sì pè é. Nínú ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, wọ́n á tún ṣe CHAP, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò tún bèèrè ìpèpadà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ì bá máa pe ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ibi tí Oluile ti fẹ́ wá nọ́ńbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yín ti wọ́. Orúkọ tí Eka fi wọlé nínú CHAP ni `Eka`, pẹ̀lú E ńlá, nítorí ohun tí ó wà nínú `hostname` rẹ̀ nìyẹn. `username Eka` bá a mu, nítorí náà CHAP yege. Lẹ́yìn èyí, Oluile lọ wo àwọn `dialer map` rẹ̀ láti mọ èyí tí ó ní orúkọ yẹn, `eka` ni ó sì bá níbẹ̀, pẹ̀lú e kékeré. Lójú tiwa ẹnì kan náà ni wọ́n. Lójú ráútà, wọn kò bá ara wọn tan. Nígbà tí kò ti rí `Eka`, kò rí kíláàsì `Ipepada`, kò sì rí nọ́ńbà tí yóò pè. Iṣẹ́ `dialer callback-secure` ni kí ó gé ìpè ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ìpèpadà, ó sì gé e. Nígbà tí ẹ yọ ọ́ kúrò, Oluile kò ní ìdí kankan láti gé ìpè mọ́, ó fi í sílẹ̀ bí ìpè lásán, owó sì ń gun orí Eka. Àṣẹ tí ẹ rò pé ó ń dí yín lọ́wọ́ ni ó ń sọ òótọ́ fún yín. Ẹ dá a padà, kí ẹ sì sọ e kékeré yẹn di ńlá. (Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kò gbìyànjú láti fi àmì ohùn sórí àwọn orúkọ náà, ráútà kò kọ́ ọ níléèwé.)

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ tan `debug ppp negotiation` àti `debug dialer` lórí Oluile, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan fi ping (ìdì dátà kékeré tí a fi ń dán ọ̀nà wò) ránṣẹ́ láti Eka. Nínú ọ̀rọ̀ tí ń sáré kọjá lójú yín, ẹ wá ìlà tí ó kà báyìí: `Callback 0 (0x0D0300)`. Ìlà kúkúrú yìí ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ Eka. 0D ni 13 bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà onímẹ́rìndínlógún, ìyẹn nọ́ńbà tí RFC fún ìpèpadà. 03 ni gígùn ẹ̀bẹ̀ náà ní báìtì. 00 tí ó gbẹ̀yìn sì ń sọ pé orúkọ ẹni tí ó pè ni kí a fi mọ ibi tí a ó pè padà sí. Bí ìlà yìí bá hàn lábẹ́ CONFREQ (ìbéèrè) tí ó wọlé, tí ó sì tún hàn lábẹ́ CONFACK (ìfọwọ́sí) tí ó jáde, Oluile ti gbà. Bí ó bá hàn lábẹ́ CONFREJ (ìkọ̀sílẹ̀), ẹ ti gbàgbé `ppp callback accept` lórí Oluile. Bí kò bá sì sí níbì kankan, Eka ni kò bèèrè, `ppp callback request` ni ó kù sí i. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, mo gbà pé ẹ ó rí CONFACK, ẹ ó rí SUCCESS ti CHAP, lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan yóò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó bá tẹ̀lé SUCCESS, inú `dialer map` ni kí ẹ ti lọ wá a.

Ó wá ku ti àkókò. Ẹ jẹ́ kí a ní ẹ ti tún orúkọ ṣe. Oluile á gé ìpè, ṣùgbọ́n kò ní pè padà lọ́gán: `dialer enable-timeout` ni ó ń pinnu iye àkókò tí láìnì yóò fi sinmi, bí a kò bá sì kọ nǹkan kan síbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni. Ní ti Eka, ìdì dátà tí ó fa gbogbo wàhálà yìí ń dúró nínú `hold-queue`, ẹ sì ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ní ìṣẹ́jú àáyá kẹwàá, Eka á da ìdì náà nù. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Oluile á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù láti pè. Láìnì á so, iná rẹ̀ á tàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ ti bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fi ping ránṣẹ́ á rí òfo, á sì fi ẹ̀sùn kan ìpèpadà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìpèpadà ti ṣe tirẹ̀ tán.

Iye àkókò tí Eka yóò fi dúró gbọ́dọ̀ ju iye tí Oluile yóò fi sinmi àti iye tí láìnì yóò fi so lọ, ní àpapọ̀, kí ó sì jù ú lọ dáadáa. Èmi a máa mú ti Oluile wá sí 5, n ó sì gbé ti Eka sí 30, nítorí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì ni ìpè ISDN ti ń so. Ẹ má ṣe torí pé ẹ fẹ́ kí ó yára kí ẹ wá kọ 1 sórí Oluile: láìnì Eka gbọ́dọ̀ ti tú pátápátá kí ó tó lè gba ìpè tí ń bọ̀, bí Oluile bá sì fi ìkánjú pè, ohùn pé ọwọ́ dí ni yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá ń lo módẹ̀mù lórí láìnì tẹlifóònù lásán kò gbọdọ̀ gba iye tí mo kọ yìí lọ́wọ́ mi, nítorí módẹ̀mù méjì lè fi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá hó léra wọn lórí kí wọ́n tó fẹnu kò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbé ti Eka tirẹ̀ sí 90.

Bí Oluile yóò ṣe rí nìyí lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín sí ibi tí mo fi Asiri sí:

```
hostname Oluile
username Eka password Asiri
interface BRI0
 ip address 10.1.1.1 255.255.255.0
 encapsulation ppp
 dialer callback-secure
 dialer enable-timeout 5
 dialer map ip 10.1.1.2 name Eka class Ipepada 5550102
 dialer-group 1
 ppp callback accept
 ppp authentication chap
map-class dialer Ipepada
 dialer callback-server username
dialer-list 1 protocol ip permit
```

Ti Eka kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. `username Oluile` pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni yóò wà níbẹ̀, `dialer map` rẹ̀ yóò tọ́ka sí 10.1.1.1 pẹ̀lú nọ́ńbà Oluile láìsí kíláàsì kankan, `ppp callback request` ni yóò sì rọ́pò `accept`. Ẹ ó wá fi `dialer hold-queue 50 timeout 30` kún un.

Ohun kan ṣì wà tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Oluile ń gbìyànjú ìpèpadà. Bí ó bá pè tí ọwọ́ láìnì Eka dí, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ kò rí ikanni tí ó ṣófo ní àkókò yẹn, kò ní tún un pè. Eka ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, nígbà tí ìdì dátà mìíràn bá dé. Láìnì BRI, ìyẹn irú láìnì ISDN kékeré, ní ikanni méjì fún dátà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń pe Oluile kan náà tí BRI kan péré so mọ́, ẹ ó máa rí ìpè tí a gé tí a kò sì dá padà, kò sì sí àṣẹ tí yóò wo èyí sàn. Láìnì ni ẹ ní láti fi kún un.

ÌBÉÈRÈ: Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà tí a ti kọ sílẹ̀ nìkan ni ráútà olú iléeṣẹ́ ń pè padà, ǹjẹ́ a kò lè yọ CHAP kúrò, kí ìpè tètè máa so? Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé ìpèpadà fúnra rẹ̀ ti tó ààbò.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Bí a bá tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ààbò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètò tí a kọ sókè yìí kò lè dúró láìsí CHAP, nítorí orúkọ tí CHAP mú wá ni Oluile fi ń mọ nọ́ńbà tí yóò pè. Bí kò bá sí orúkọ, kò sí ìpèpadà.

Ní ti ààbò, ohun tí ìpèpadà fi hàn ni pé ẹnì kan gbé fóònù ní òpin láìnì kan. Kò fi ẹni tí ó gbé e hàn. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà láti darí ìpè nọ́ńbà Eka sí láìnì tirẹ̀, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù máa ń ṣe fún oníbàárà tí ó bá fẹ́ kí ìpè tẹ̀lé òun lọ síbòmíràn, ti gba ìpèpadà náà lọ́wọ́ yín, Oluile kò sì ní mọ̀. Ọgbọ́n kejì tilẹ̀ wọ́ ju èyí lọ, àwọn onímódẹ̀mù ni ó sì kàn jù. Ní àwọn ibùdó tẹlifóònù kan, láìnì kì í tú àfi bí ẹni tí ó kọ́kọ́ pè bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀tá á pè, módẹ̀mù á gé e, ṣùgbọ́n ọ̀tá kò ní gbé fóònù sílẹ̀. Á kàn máa dún irú ohùn tí a ń gbọ́ nígbà tí láìnì bá ṣófo sí módẹ̀mù létí. Módẹ̀mù tí kò fura á tẹ nọ́ńbà tí ó mọ̀ sórí láìnì tí ọ̀tá ṣì dì mú, ọ̀tá á dáhùn, módẹ̀mù á sì gbà pé Eka ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ìpèpadà máa gba orí láìnì mìíràn jáde, pàápàá èyí tí a kò fún ẹnikẹ́ni láti pè wọlé.

Nítorí náà, inú ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì gan-an ni CHAP ti wúlò jù, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń yọ ọ́ kúrò láìmọ̀. Wọ́n á kọ `ppp authentication chap callin` sórí Oluile, nítorí pé wọ́n rí i níbì kan. `callin` túmọ̀ sí pé ìpè tí ó wọlé nìkan ni kí ráútà béèrè ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpèpadà, láti ọ̀dọ̀ Oluile ni ó ti ń jáde. Nítorí náà Oluile kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé e. Ẹ yọ `callin` kúrò lórí Oluile. Bákan náà, bí ẹ bá rí `dialstring` lẹ́yìn `dialer callback-server`, ẹ mọ̀ pé èyí ń jẹ́ kí ẹni tí ó pè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nọ́ńbà tí a ó pè é sí. Ó wúlò fún òṣìṣẹ́ tí ń rìnrìn àjò. Fún ráútà tí kò kúrò lójú kan, kò sí ìdí fún un.

CHAP kò sì ń fa ìpè sẹ́yìn tó bí ẹ ṣe rò. Gẹ́gẹ́ bí RFC 1994 ṣe là á sílẹ̀ (nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni ó jáde), ọ̀rọ̀ aṣínà kì í gba orí láìnì kọjá rárá: ẹnì kan á sọ àdììtú kan, ẹnì kejì á pò ó mọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, á fi MD5 (ìṣirò kan tí a kò lè yí padà) lọ̀ ọ́, àbájáde rẹ̀ nìkan ni yóò sì dá padà. Kí ẹ ṣáà rí i pé ọ̀rọ̀ aṣínà bára mu ní ìhà méjèèjì, títí dé orí àlàfo. Èmi fúnra mi ti lo odindi ọ̀sán kan rí tí mo ń pààrọ̀ wáyà, tí mo ń fura sí láìnì, àṣé nígbà tí mo da ọ̀rọ̀ aṣínà kọ láti inú fáìlì kan, àlàfo kan ṣoṣo tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ráútà kà á mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé olú iléeṣẹ́ lè pe ẹ̀ka padà láìjẹ́ pé ó gbé ìpè àkọ́kọ́ rárá. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ láìnì ISDN. Kí ìpè tó so ni nọ́ńbà ẹni tí ń pè ti ń gba orí ikanni D (ikanni tí ISDN yà sọ́tọ̀ fún ètò ìpè) dé. Bí ẹ bá kọ `isdn caller 5550102 callback` sórí Oluile, á wo nọ́ńbà náà, á kọ ìpè, á sì pe ẹ̀ka padà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹnì kan bá fi fóònù fíláàṣì wa. PPP kò ní ipa nínú bíbèèrè ìpèpadà mọ́, nítorí ìpè àkọ́kọ́ kò so débi tí PPP yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi `debug isdn q931` wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń dé gan-an, nítorí ó lè dé pẹ̀lú kóòdù àgbègbè níwájú, ó lè má ní in, iléeṣẹ́ tẹlifóònù sì lè má fi ránṣẹ́ rárá. Nọ́ńbà kì í sì í ṣe ìdánimọ̀. Kí CHAP ṣì wà lórí ìpè tí ó ń padà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ìpèpadà tiwa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti so, kì í tú mọ́. Owó rẹ̀ ti ń dẹ́rù bà wá.

ÌDÁHÙN: Bí kò bá sí ohun tí a yí padà, `dialer idle-timeout` ń gé láìnì lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 120 tí ohun tí `dialer-list` kà sí pàtàkì kò bá kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ wo ipari `dialer map` yín bóyá ọ̀rọ̀ náà `broadcast` wà níbẹ̀ (òun ni ó ń jẹ́ kí ìkéde gba orí láìnì kọjá), kí ẹ sì wò ó bóyá RIP tàbí OSPF, ìyẹn àwọn ètò tí ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, ń ṣiṣẹ́ lórí láìnì náà. RIP ń kéde ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30. Kíkí tí OSPF ń kí aládùúgbò rẹ̀ máa ń jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 10. Bí `dialer-list 1 protocol ip permit` bá ka gbogbo èyí sí ọ̀rọ̀ pàtàkì, 120 kò ní pé láéláé. Fún ráútà méjì péré, kí ẹ fi `ip route` kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì pa RIP tàbí OSPF lórí láìnì yẹn. Bí ẹ kò bá lè ṣe láìsí RIP, ẹ kọ `access-list 101 deny udp any any eq rip`, kí `access-list 101 permit ip any any` tẹ̀lé e, kí ẹ sì yí `dialer-list` padà sí `dialer-list 1 protocol ip list 101`. Lórí ráútà méjèèjì ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí bí ẹ bá tún ti olú iléeṣẹ́ nìkan ṣe, RIP ti ẹ̀ka yóò ṣì máa fa ìpè, olú iléeṣẹ́ yóò sì máa pè é padà.